Kí A Tó Sọ̀rọ̀ Ìbọn, Ẹ Jẹ́ Ká Mọ Bí A Ṣe Ń Dá Ẹ̀jẹ̀ Dúró

Ọ̀rọ̀ tó di àríyànjiyàn ní ìpàdé wa tó kọjá la fẹ́ padà sí lóṣù yìí. Àwọn kan ní kí ẹgbẹ́ yá àwọn tó ń ná ọjà oko lówó láti fi ra ìbọn, nítorí àwọn ajínigbé àti adigunjalè. Ọ̀kan nínú wọn ní ọmọ òun tó wà ní Amẹ́ríkà lọ sí ẹ̀kọ́ kan: láàárọ̀, wọ́n kọ́ wọn bí a ṣe ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró lára ẹni tó fara gbọgbẹ́, lọ́sàn-án, wọ́n kọ́ wọn ní ìbọn yíyìn. Ó ní ká ṣe irú rẹ̀ níbí.

Àwa fara mọ́ ìdajì ọ̀rọ̀ náà. Ìdajì ti àárọ̀ ni.

Ní December 2012, ẹnì kan yìnbọn pa ọmọdé 20 àti àgbà 6 ní ilé-ìwé kan ní Newtown lọ́hùn-ún. Àwọn oníṣègùn wá rí i pé ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ń tú lára rẹ̀ gidigidi lè kú láàárín ìṣẹ́jú 5, kí ọkọ̀ ilé ìwòsàn tó dé. Ẹni tó bá wà nítòsí ló lè gbà á là. Ìdí nìyí tí wọ́n fi dá ètò Stop the Bleed sílẹ̀ ní 2015, táwọn olùkọ́ ìbọn kan sì so ó mọ́ ẹ̀kọ́ tiwọn.

Ṣùgbọ́n ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Òfin ilẹ̀ Amẹ́ríkà fún ará ìlú lẹ́tọ̀ọ́ láti ní ìbọn. Òfin Ìbọn tiwa ti 1959 ní ẹni tí kò ní ìwé àṣẹ kò gbọdọ̀ ní in. Owó ẹgbẹ́ kò lè ra ẹ̀wọ̀n fún ọmọ ẹgbẹ́.

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ ọ̀rọ̀. Ní ọdún méjì sẹ́yìn, wọ́n yìnbọn lu ìyá kan nínú wa, oníṣu, ní itan, nígbà tí a ń bọ̀ láti ọjà. Àwa mẹ́fà la wà nínú ọkọ̀. A bomi sí i lójú, a fẹ́ atẹ́gùn sí i, a gbàdúrà. Nígbà tí a dé ilé ìwòsàn, wọ́n ní ká lọ mú ìwé ọlọ́pàá wá. Màmá kú. Àìní ìbọn kọ́ ló pa á lọ́wọ́ wa. Ìró àti gèlè wà lára gbogbo wa; a ò mọ̀ pé oògùn ni.

Ẹ gbọ́ bó ṣe yẹ ká ṣe. Ẹ ki aṣọ mímọ́ bọ ojú ọgbẹ́, kí ẹ fi ọwọ́ méjèèjì tẹ̀ ẹ́ gírígírí. Ẹ má máa ṣí i wò. Bó bá jẹ́ apá tàbí ẹsẹ̀ tí ẹ̀jẹ̀ ò sì dá, ẹ fi ọ̀já fífẹ̀ dè é ní nǹkan bí ìnṣì méjì sí mẹ́ta sókè ọgbẹ́, kì í ṣe lórí oríkèé, kí ẹ fi igi lọ́ ọ títí ẹ̀jẹ̀ yóò fi dúró. Ẹ kọ aago tí ẹ dè é sílẹ̀, kí ẹ má tú u. Dókítà ni yóò tú u. A kì í de ọrùn o! Ẹ má sì da kẹrosíìnì sí i.

Ẹ tún mọ èyí: òfin 2017 ní kí gbogbo ilé ìwòsàn gba ẹni tí ìbọn bá bà, ìwé ọlọ́pàá wà o, kò sí o, owó wà nílẹ̀ o, kò sí o. Ilé ìwòsàn fúnra rẹ̀ ni yóò fi tó ọlọ́pàá létí láàárín wákàtí méjì.

Àbá wa rèé. Kí ẹgbẹ́ pe àwọn Red Cross wá kọ́ wa lọ́jọ́ ìpàdé. Kí àpótí ìtọ́jú wà nínú gbogbo ọkọ̀ tó ń kó ẹrù wa. Ẹ̀yin ọdẹ àárín wa tí ẹ níwèé àṣẹ, ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ yẹ kẹ́ ẹ wá, torí ẹni tó mọ bí a ṣe ń dá ihò sára, ó yẹ kó mọ bí a ṣe ń dí i.

Bí àbá yìí bá dé ìpàdé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ nawọ́ sókè. Ọjà oko ṣì ń bẹ lọ́la.