Ohun Tí Wọ́n Ní Ó Ń Ṣí Orí

Ní ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀lé ìdánwò ìkẹyìn wa ní sáà tó kọjá, a kó ara wa lọ sí etíkun Elegushi ní Ikate. Ẹni tó bá mọ ibẹ̀ mọ bó ṣe máa ń rí ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú: orin láti ibi mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà, ẹṣin fún ẹni tó bá fẹ́ ya fọ́tò, súyà, yanrìn nínú bàtà. A jókòó, à ń rẹ́rìn-ín, à ń ṣírò máàkì tí a rò pé a máa gbà. Ọ̀dọ́kùnrin kan tí kò lè jù wá lọ gbé bálúùnù dé ọ̀dọ̀ wa, ó ní ká fà á símú. Ọ̀kan nínú wa bi í pé kí ló wà nínú rẹ̀. Ó ní, "Ẹ má mikàn, ó kàn máa ṣí orí yín ni."

Gbólóhùn yẹn là ń gbé kiri láti ọjọ́ náà. Kì í ṣe etíkun nìkan la ti ń gbọ́ ọ. À ń gbọ́ ọ ní họ́sítẹ́ẹ̀lì nígbà tí ìdánwò bá ku ọ̀sẹ̀ méjì, à ń gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tó ń ta igbó, à ń gbọ́ ọ lẹ́nu ọmọ kíláàsì wa tó fi káàdì tramadol sínú àpò ìwé rẹ̀. Ohun tó sì ń dùn wá ni pé àwọn àgbà tó yẹ kó bá wa sọ ọ́ máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí kò kàn wá. Wọ́n á ní oògùn olóró ń sọni di wèrè. A ó wo ẹni tó ń mu igbó ní yàrá kejì, a ó rí i pé kò ya wèrè, ó tún gba máàkì jù wá lọ ní sáà tó kọjá, a ò sì ní gbọ́ ìyókù ọ̀rọ̀ wọn mọ́. Ohun tí a fẹ́ sọ níbí kéré ju wèrè lọ, ṣùgbọ́n òun gan-an ló ń ṣẹlẹ̀ sí wa.

Ẹ jẹ́ ká tètè parí ti bálúùnù náà. Gáàsì nitrous oxide ló wà nínú rẹ̀. Àwọn dókítà eyín ti ń lò ó láti sẹ́ńtúrì 19 kí ìrora lè dín kù lára aláìsàn. Lọ́wọ́ dókítà, wọ́n ń pò ó mọ́ ọ́síjìn. Nínú bálúùnù, kò sí ọ́síjìn. Bí èèyàn bá ń fà á lemọ́lemọ́, ó ń ba fítámì B12 inú ara jẹ́, fítámì yìí sì ni ara fi ń tọ́jú ohun tó bo àwọn iṣan tó ń gbé ọ̀rọ̀ lọ sí ọpọlọ. Ọwọ́ á máa kú tipiri, ẹsẹ̀ á máa wọ́ nílẹ̀. Ní Britain, tí àwọn ọ̀dọ́ ti ń fà á gidigidi, ìjọba fi í kún àwọn oògùn tí òfin dè ní oṣù kọkànlá 2023. Ohun tó máa ṣí orí wa nìyẹn o.

Ọ̀rẹ́ wa kan wà tí a kò ní dárúkọ. Ó mọ̀ pé à ń kọ èyí. Ilé àǹtí rẹ̀ ní Ikate ló ti ń wá sí ilé-ìwé. Ẹni tó bá mọ ọ̀nà Lekki sí Ẹ̀pẹ́ láàárọ̀ mọ ohun tí ìyẹn jẹ́: aago mẹ́rin ààbọ̀ ló ń jí, aago mẹ́sàn-án alẹ́ ló ń wọlé, ìwé kíkà kò sì tíì bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún wa kejì, ẹnì kan fún un ní hóró tramol kan. Ó ní kò rẹ òun mọ́. Ó kàwé di ìdájí; lọ́jọ́ kejì, ó tún lo òmíràn. A kò bá a wí. Ká má parọ́, ńṣe là ń jowú rẹ̀. Ó ń ka orí mẹ́fà nínú ìwé lálẹ́ kan nígbà tí àwa ń sùn lórí èyí àkọ́kọ́.

Ọjọ́ ìdánwò dé, ó gba ìbéèrè, ó sì dá gbogbo rẹ̀ mọ̀. Ohun tó sọ fún wa lẹ́yìn náà nìyí: "Mo rí ojú ìwé yẹn. Mo rí ibi tí mo fi báírò pupa fàlà sí. Ọ̀rọ̀ tó wà lórí rẹ̀ ni mi ò rí." Ní sáà tó tẹ̀lé e, hóró kan kò tó mọ́, ó di méjì, ó di mẹ́ta. Nígbà tó gbìyànjú láti jáwọ́, ara rẹ̀ ń gbọ̀n, ìgbẹ́ gbuuru mú un, oorun kò sì wá fún ọjọ́ mẹ́rin. Kì í lò ó fún ìgbádùn mọ́ nígbà náà. Ó ń lò ó kó lè rí bó ṣe rí kó tó mọ̀ ọ́n rárá.

Tramadol kì í ṣe oògùn ìwé. Oògùn ìrora ni, ilé-iṣẹ́ Grünenthal ní Jámánì ló gbé e wá sọ́jà ní 1977, ìdílé kan náà ni òun àti mọ́fíìnì. Èyí tó ní miligíráàmù 225 tí wọ́n ń tà nígboro kò sí lára èyí tí NAFDAC fọwọ́ sí. Bó bá pọ̀ lára, ó lè fa gìrì, ó sì lè mú kí mímí falẹ̀ títí yóò fi dúró. Ìdí tí àárẹ̀ kò fi mú ọ̀rẹ́ wa ni pé oògùn náà ti pa agogo tó ń sọ fún un pé ó ti rẹ̀ ẹ́. Àárẹ̀ fúnra rẹ̀ kò lọ síbì kankan.

Ẹ má rò pé ìran tiwa ló bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí. Ní 1960, oníṣègùn ọpọlọ kan láti Kánádà, Raymond Prince, tó ṣiṣẹ́ ní ilé-ìwòsàn Aro ní Abẹ́òkúta, kọ̀wé nípa ohun tó ń rí lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Nàìjíríà. Wọ́n ní orí àwọn ń gbóná, wọ́n ní ó dà bíi pé nǹkan ń rìn nínú rẹ̀, ojú ń ṣe bàìbàì, wọ́n á kàwé, kò sì ní yé wọn. Orúkọ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà ń pè é ló fi pè é: brain fag. (Kì í ṣe tiwa nìkan o, àwọn òyìnbó ti fi orúkọ yìí ṣàròyé nípa ara wọn ní sẹ́ńtúrì 19.) Prince wò ó bí ìjà láàárín ẹ̀kọ́ òyìnbó àti bí wọ́n ṣe tọ́ àwọn ọmọ náà nílé. Ogún ọdún lẹ́yìn náà, oníṣègùn ọpọlọ tiwa, Olúfẹ́mi Morákinyọ̀ ní Ifẹ̀, gbé e yẹ̀wò lọ́nà mìíràn. Ó wo ohun tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà ń lò láti lé oorun lọ, ó sì kọ ọ́ ní 1980 pé àìsùn àti àwọn nǹkan tí ń lé oorun lọ́wọ́ nínú àìsàn náà.

Nígbà tí a kà nípa èyí, ó pa wá lẹ́rìn-ín, ó sì bí wa nínú. Bàbá ọ̀kan nínú wa wà ní yunifásítì ní àkókò náà gan-an. Ó ní ẹsẹ̀ àwọn a máa wà nínú abọ́ omi tútù, obì gbànja á wà lẹ́nu, àtùpà á wà níwájú, ó di ìdájí. A bi í bóyá ó rántí ohun tó kà. Ó ní omi tútù yẹn ni òun rántí.

Ìdí rẹ̀ kò ṣòro. Kì í ṣe ìgbà tí a ń kàwé nìkan ni ọpọlọ ń fi ohun tí a kà pamọ́. Ibì kan nínú rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní hippocampus ló kọ́kọ́ ń gbà á sílẹ̀, bí ẹni tó sáré kọ nǹkan sórí páálí. Ìgbà tí a bá sùn ló ń tún un kọ sí ibi tó máa pẹ́. Ẹni tó lé oorun lọ ti lé akọ̀wé rẹ̀ lọ. Ibẹ̀ gan-an sì ni igbó ń da rú, torí ibẹ̀ wà lára àwọn ibi tí THC inú igbó ti ń ráyè jókòó sí jù. Ọtí náà ń ṣe é. Àwọn oògùn oorun tí wọ́n ń pò mọ́ zobo àti kóòkì níbi àríyá ń ṣe é, ìdí nìyẹn tí ẹni tó mu ún kì í fi í mọ bó ṣe délé.

Ohun kejì ni bí ìgbádùn ṣe ń ṣiṣẹ́. Ní 1954, James Olds àti Peter Milner ní Montreal fi wáyà tín-ín-rín sínú ọpọlọ eku, wọ́n gbé ọ̀pá kékeré síwájú rẹ̀: bí eku bá tẹ̀ ẹ́, iná díẹ̀ á kan ibì kan nínú ọpọlọ rẹ̀. Eku ń tẹ̀ ẹ́ lọ́pọ̀ ọgọ́rùn-ún ìgbà láàárín wákàtí kan. Lónìí a mọ̀ pé dopamine ni kẹ́míkà tó ń sáré jù ní ojú ọ̀nà yẹn, òun ló ń sọ fún ọpọlọ pé, "Èyí dára, tún un ṣe." Bí ìṣirò tó ti ń dààmú wa bá jáde, díẹ̀ á kán sílẹ̀. Oògùn olóró ní tirẹ̀ ń da á sílẹ̀ bí tánkì omi tó fọ́. Nígbà tó bá yá, ọpọlọ á di etí rẹ̀ sí ariwo náà, ìṣirò tó jáde kò sì ní dùn mọ́ ẹni tó yanjú rẹ̀. Ẹni tó yá ẹgbàafà tí kò san án, ó bẹ́gi dínà ẹgbẹ̀fà. Apá iwájú ọpọlọ, tí a fi ń ro ohun tó máa tẹ̀yìn nǹkan yọ, kì í sì í gbó tán títí èèyàn á fi tó nǹkan bí ọmọ ọdún 25. Púpọ̀ nínú wa kò tíì pé 22.

Ẹni tó fẹ́ràn àríyànjiyàn á bi wá pé: ṣé igbó ń dín orí pípé kù lóòótọ́? Ní ìlú Dunedin ní New Zealand, wọ́n tẹ̀ lé èèyàn 1,037 tí wọ́n bí ní 1972 àti 1973 títí wọ́n fi pé ọmọ ọdún 38. Madeline Meier àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé àbọ̀ rẹ̀ jáde ní 2012: àwọn tó bẹ̀rẹ̀ igbó ní kékeré tí wọn kò sì jáwọ́ pàdánù tó máàkì 8 nínú ìdánwò IQ, àwọn tó dàgbà kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ kò pàdánù bẹ́ẹ̀. Ní 2016, àwọn mìíràn wo àwọn ìbejì ní Amẹ́ríkà, tí ọ̀kan ń mu tí èkejì kò mu. (Ó ṣe wá bíi pé Igbó-Ọrà ló yẹ kí wọ́n wá.) Èyí tó ń mu kò rẹ̀yìn ju èkejì lọ, wọ́n sì ní ó lè jẹ́ ilé àti àyíká tí wọ́n ti dàgbà ló fà á.

Nítorí náà, ẹni tó bá sọ pé ẹ̀ẹ̀kan péré á sọ yín di òpè ti sọ ju ohun tó mọ̀ lọ. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo àwọn tó ń jiyàn yẹn, a kò rí ẹnì kan tó ní igbó ń ṣí orí. Ohun tí wọn kò bá ara wọn jà lé lórí ni pé nígbà tó bá wà lára, àfiyèsí àti ìrántí ń dín kù, àti pé ẹni tó bá tètè bẹ̀rẹ̀ ló máa ń ṣòro fún jù láti fi sílẹ̀. Àfiyèsí àti ìrántí. Kí ló tún kù nínú ìwé kíkà?

Ìwádìí tí Nàìjíríà àti àjọ UNODC ṣe ní 2018 fi hàn pé èèyàn mílíọ̀nù 14.3 láàárín ọmọ ọdún 15 sí 64 ló lo oògùn olóró láàárín ọdún kan. Ní Èkó, ó tó 33 nínú ọgọ́rùn-ún, kò sí ìpínlẹ̀ tó jù ú lọ. Ní oṣù kẹsàn-án 2022, NDLEA wọ ilé ńlá kan ní VGC, lójú ọ̀nà kan náà tí Ikate wà, wọ́n sì bá tramadol 225 tó ju hóró mílíọ̀nù 13 lọ níbẹ̀. A kò rò pé ẹni tó kó o síbẹ̀ fẹ́ ká yege.

Alága NDLEA, Buba Marwa, ti ń béèrè pé kí àwọn ilé-ìwé gíga máa ṣe àyẹ̀wò oògùn fún akẹ́kọ̀ọ́. Àwa tó kọ èyí kò fohùn ṣọ̀kan lórí rẹ̀. Àwọn kan nínú wa ní bó bá ti wà ní ọdún wa kejì ni, à bá ti tètè mọ ohun tó ń ṣe ọ̀rẹ́ wa. Àwọn yòókù ní òun ni ì bá kọ́kọ́ sá kúrò nílé-ìwé. Ohun tí gbogbo wa fọwọ́ sí ni pé àyẹ̀wò tí kò ní bẹ́ẹ̀dì àti dókítà lẹ́yìn, tó jẹ́ lẹ́tà ìléni-lọ nìkan ló wà lẹ́yìn rẹ̀, á kàn kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ láti fi ara pamọ́ dáadáa sí i ni. Oṣù mẹ́jọ ni ọ̀rẹ́ wa fi dákẹ́ nítorí ìbẹ̀rù lẹ́tà yẹn. A fẹ́ kí ẹni tó bá fẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́ lè gba sáà kan láti lọ tọ́jú ara, kí àyè rẹ̀ má bọ́. Àwa náà sì ní ẹ̀bi tiwa: àwa la pàtẹ́wọ́ fún orí mẹ́fà lálẹ́ kan.

Àǹtí rẹ̀ ló rí káàdì náà nígbà tó ń fọṣọ. Kò pariwo, kò ké sí pásítọ̀. Ilé-ìwòsàn ló mú un lọ. Ilé-ìwòsàn ọpọlọ ti ìjọba àpapọ̀ ní Yaba àti èyí tó wà ní Aro ń gba irú aláìsàn bẹ́ẹ̀. Nọ́ńbà NDLEA tí a lè pè lọ́sàn-án lóru láìsan owó ni 080010203040. Ẹni tó bá ti ń lo oògùn oorun tàbí ọtí púpọ̀ fún ìgbà pípẹ́ kò gbọdọ̀ dá a dúró lójijì láìrí dókítà, nítorí gìrì lè mú un.

Ọ̀rẹ́ wa ti padà báyìí, ó wà ní kíláàsì tó tẹ̀ lé wa lẹ́yìn. Aago mẹ́wàá ló ń sùn, a sì ń pè é ní bàbá àgbà. Ó ní ìwé ṣì ń le fún òun, pé òun ń ka ojú ìwé kan ní ẹ̀ẹ̀mẹta kó tó wọlé. Òun ló ní ká kọ nọ́ńbà yẹn síbí.