Ọdún Òrìṣà Kì Í Dúró De Bàálù



Ní ìlú àwọn òyìnbó, àkókò tí òjò ń palẹ̀ mọ́ lọ́dọ̀ wa yìí ni ewé ń wọ́ dànù lórí igi. Òtútù ń yọ́ wọlé, ẹni tí owó bá sì wà lọ́wọ́ rẹ̀ a máa wá ibi tí oòrùn wà kiri. Ní Òkè-Ògùn tiwa, láti ìparí oṣù Ọ̀wàrà wọ inú oṣù Bélú, koríko ọ̀dàn á yí padà di àwọ̀ idẹ, ọkà bàbà á gbó, iṣu á wọ abà, ọyẹ́ àkọ́kọ́ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í kan ètè. Ìgbà náà ni àwọn ọmọ wa tí ó wà ní London, Houston àti Toronto máa ń wo iye tí wọn yóò fi wọ ọkọ̀ òfuurufú wálé. Fàájì ìparí ọdún ti di òwò ńlá ní Èkó. Detty December ni àwọn ọ̀dọ́ ń pè é. Ṣùgbọ́n àwọn oníṣòwò ìrìn-àjò afẹ́ ti rí i pé ijó àti ọtí nìkan kò tó àwọn kan nínú àwọn àlejò yìí mọ́. Wọ́n fẹ́ rí orísun wọn, wọ́n sì ṣe tán láti san owó gọbọi lé e lórí. Owó náà ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lónìí, nítorí ó ti kan ilẹ̀kùn ilé wa.

Ní ọdún tó kọjá, ọ̀gbẹ́ni kan tí ó ń ṣètò irú ìrìn-àjò bẹ́ẹ̀ gbé jíìpù rẹ̀ wá sí Ṣakí. Mo wà níbẹ̀ nítorí pé wọ́n ní kí n wá bá àwọn àgbà ka ìwé tí ó mú dání. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ tutù, ó dọ̀bálẹ̀ bí ọmọ tí a kọ́, ó sì gbé obì kalẹ̀ kí ó tó jókòó. Ètò ọlọ́jọ́ márùn-ún ni, fún àlejò méjìlá. Wọn yóò sùn sí àgọ́ tí ibùsùn inú rẹ̀ dára ju ti ọ̀pọ̀ ilé ìtura lọ, alásè yóò bá wọn wá láti Èkó, wọn yóò mu ṣaǹpéènì lórí òkè nígbà tí oòrùn bá ń wọ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ kẹrin, wọn yóò wo ọdún Ògún ìdílé wa.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti yí. Ifá ti mú ọjọ́ ọdún fún wa ní àárín oṣù Ọ̀wàrà. Àwọn àlejò kò lè dé títí di ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn nínú oṣù Bélú. Ọ̀gbẹ́ni náà bẹ̀ wá pé kí a sún ọdún síwájú. Ó tún ní ẹ̀bẹ̀ kejì, èyí tí ó rọra sọ: bí ó bá ṣeé ṣe, kí àwọn tí ó bá fẹ́ san àfikún owó wọ ibi tí ẹni tí kò ṣe awo kì í wọ̀, fún ìṣẹ́jú díẹ̀ péré, láìya fọ́tò.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ nípa bí ilé ṣe rí kí ẹnikẹ́ni tó máa fọ́nnu. Páànù ojúbọ wa ti ń jò láti òjò mẹ́ta sẹ́yìn. Ìyá tí ó ń gbá ojúbọ, tí ó sì ń pọn omi rẹ̀, kò ní ju èlùbọ́ tí ó ń tà lọ. Àwọn ọmọ tí ó yẹ kí ó máa kọ́ Ifá lẹ́sẹ̀ Olúawo ti di ọlọ́kadà, nítorí pé ẹsẹ̀ Ifá kò san owó ilé ẹ̀kọ́. Owó tí ọ̀gbẹ́ni yìí dárúkọ lè fi páànù tuntun bo ojúbọ, kí ó sì ṣẹ́ kù. Àbúrò mi kan dìde, ó ní, “Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ dákun, ẹ má bínú sí mi. Àwọn tí ó ń sọ òrìṣà wa lórúkọ burúkú ń kọ́lé ọlọ́pọ̀ àjà. Àwa tí a ń sọ pé a mọ iyì rẹ̀, a ń fi ike gbe omi òjò nínú ojúbọ.” Kò sí ẹni tí ó lè dá a lóhùn kíákíá. Èmi pàápàá kò lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Olúawo wa gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán, ó bi àlejò náà pé, “Ọmọ mi, ṣé o lè sọ fún iṣu pé kí ó dúró nínú ebè di oṣù Bélú?”

Ìbéèrè yẹn dùn mọ́ mi, ṣùgbọ́n kò tó láti parí àríyànjiyàn, mo sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Àbúrò mi mọ̀ ọ́n pẹ̀lú. Ó ní a ti sún ọdún rí, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀mejì. A ti sún un nígbà tí òfò ṣẹ̀ wá. Ọ̀pọ̀ ìlú káàkiri ilẹ̀ Yorùbá ló ti gbé ọdún wọn sí òpin ọ̀sẹ̀ kí àwọn ọmọ tí ó wà ní Èkó àti Ìbàdàn lè wálé, kí wọ́n sì padà sẹ́nu iṣẹ́ ní ọjọ́ Ajé. Ọ̀sẹ̀ ọlọ́jọ́ mẹ́rin tí àwọn baba wa ń kà, ọjọ́ Ọbàtálá, ọjọ́ Awo, ọjọ́ Ògún, ọjọ́ Jàkúta, ọ̀pọ̀ nínú wa kò lè kà á mọ́ láìwo fóònù. Kí ló wá dé tí a fi ń ṣe bí ẹni pé ọjọ́ ọdún wa kò yẹ̀ rí?

Ohun tí mo sọ níjọ́ náà, tí mo sì tún ń sọ níhìn-ín, ni pé ẹni tí a tìtorí rẹ̀ sún ọdún ṣe pàtàkì. Nígbà tí a sún un fún òkú, Ifá ni a kọ́kọ́ bi. Nígbà tí a bá sún un fún àwọn ọmọ wa, àwọn tí ó ni ọdún náà ni a sún un fún. Ẹni tí ó fi owó ra àyè ìjókòó kò ní in, òǹwòran ni. Bí a bá sún ọdún nítorí òǹwòran, àwa náà ti di òṣèré nínú ilé wa nìyẹn. Mo mọ̀ pé ààlà náà tín-ín-rín. Àwọn kan nínú àwọn ọ̀dọ́ rẹ́rìn-ín nígbà tí mo sọ ọ́.

Mi ò kórìíra olówó, mi ò sì kórìíra àlejò. Ta ni yóò gbàgbé pé láti òkè òkun ni ọ̀pọ̀ àwọn tí ó ń bu ọlá fún òrìṣà wa ti ń wá báyìí, láti Brazil, Cuba àti Amẹ́ríkà, nígbà tí àwọn ọmọ ilé ń gbé ojú kúrò? Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo di ohun ìní gbogbo ayé lọ́dọ̀ UNESCO ní ọdún 2005. Ní ọdún 2023 ni àjọ kan náà fi ọdún Ṣàngó ti Ọ̀yọ́ sínú ìwé àwọn àṣà tí ó yẹ kí a dáàbò bò. Ẹ wo Òṣogbo dáadáa. Arugbá ń kọjá lójú gbogbo ènìyàn, olówó àti tálákà, Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì, oníkámẹ́rà àti ẹni tí ó fẹ́ bu omi lọ sílé. Ohun tí ó wà nínú igbá kò sí fún ojú ẹnikẹ́ni lára wọn. Àṣírí náà kò lé èrò sẹ́yìn. Ó tiẹ̀ dà bí ẹni pé òun ló ń fa èrò.

Àwọn ará Bẹ̀nẹ̀ náà wà nítòsí wa, wọn kò ju ìrìn díẹ̀ lọ láti Ṣakí. Ní àwọn ọdún 1990 ni ìjọba wọn ya ọjọ́ 10 oṣù Ṣẹrẹ sọ́tọ̀ fún ẹ̀sìn ìbílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọjọ́ ìsinmi. Láti ọdún 2024 ni wọ́n ti sọ ọ́ di àjọ̀dún ńlá ní Ouidah, tí wọ́n ń pè ní Vodun Days, pẹ̀lú orin, ìran wíwò àti èrò rẹpẹtẹ láti òkè òkun. Òótọ́ ni pé ìjọba ló yan ọjọ́ náà, kì í ṣe Ifá. Ẹni tí ó bá fẹ́ bá wọn jà lórí ìyẹn lè jà. Ohun tí mo rí kọ́ níbẹ̀ ni pé wọ́n dá ọjọ́ sọ́nà, wọ́n sì jẹ́ kí ayé wá bá ọjọ́.

Kí ni Òkè-Ògùn wá ní tí ó lè tà fún ẹni tí ó fẹ́ ìgbádùn gbẹdẹmukẹ ní oṣù Bélú? Ó pọ̀ ju ohun tí ọ̀gbẹ́ni yẹn kọ sínú ìwé rẹ̀ lọ, èyí ló sì dùn mí jù.

Ẹ mú Ìsẹ́yìn. Àwọn ará Èkó ló ń pè é ní aṣọ òkè; aṣọ òfì ni. Òpin ọdún ni àwọn ahunṣọ kì í fi bẹ́ẹ̀ sinmi, nítorí ìgbéyàwó, oyè jíjẹ àti òkú ṣíṣe. Bí ènìyàn bá wọ àdúgbò tí wọ́n ti ń hun, yóò kọ́kọ́ gbọ́ ìró asà kí ó tó rí ẹnikẹ́ni. Òwú tí wọ́n ta lọ síwájú yóò gùn bí ọ̀nà oko, òkúta tí wọ́n fi dè é yóò máa wọ́ bọ̀ díẹ̀díẹ̀ bí aṣọ ṣe ń gùn sí i. Aṣọ náà kò fẹ̀ ju bí íǹṣì mẹ́rin lọ. Ó di ìgbà tí wọ́n bá rán ìbú pọ̀ mọ́ ìbú kí ó tó di agbádá tàbí ìró. Ẹtù ń gba aró èlú títí yóò fi dúdú bí òru. Sányán ń ti ara òwú kòkòrò inú igbó wá, àlàárì sì pupa. Ọmọkùnrin ọdún méjìdínlógún kan lè jókòó níbẹ̀ kí ó máa ju ọ̀kọ̀ láìwo ọwọ́ rẹ̀, kí ó sì máa bá ọ ṣe àríyànjiyàn lórí bọ́ọ̀lù.

Ọmọ náà ni alárobọ̀ ń ra aṣọ lọ́wọ́ rẹ̀ ní owó pọ́ọ́kú, tí yóò sì di olówó iyebíye kí ó tó dé Èkó. Aṣọ tí ẹ̀rọ hun, tí wọ́n kó ti òkè òkun dé, tún ti ń jókòó lórí àtẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀, wọ́n sì ń pe ìyẹn náà ní aṣọ òkè. Ẹ wá rò ó: bí àlejò bá jókòó ti ahunṣọ ní òwúrọ̀ ọjọ́ kìíní, tí ó yan òwú fúnra rẹ̀, tí ó gbìyànjú ọ̀kọ̀ títí tí àwọn ọmọdé fi fi ṣe yẹ̀yẹ́, tí ó rìn kiri Òkè-Ògùn lọ, tí ó sì padà wá gba aṣọ rẹ̀, tí ó san owó rẹ̀ tààrà sí ọwọ́ ẹni tí ó hun ún, irú fàájì wo ló tún ju ìyẹn lọ? Kò sí àṣírí awo kankan tí ó tú. Kò sí ọjọ́ kankan tí ó yẹ̀.

Nítòsí ibẹ̀ ni Adó-Àwáyè, níbi tí ènìyàn yóò ti gun àtẹ̀gùn tí àwọn afinimọ̀nà ń kà sí 369 kí ó tó dé orí òkè tí adágún Ìyàkẹ́ wà. Kí wọ́n gùn ún ní ìdájí, kí oòrùn tó mú. Kí wọ́n sì bọ́ bàtà níbi tí wọ́n bá ní kí wọ́n bọ́ ọ. Ìgbòho wà níbẹ̀ pẹ̀lú, níbi tí àwọn Aláàfin ti jókòó ní ọ̀rúndún kẹrìndínlógún, tí Igbó Ọba sì wà títí dòní. Ọ̀yọ́-Ilé wà nínú ọgbà ẹranko ìjọba tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1991, ṣùgbọ́n kí ẹni tí yóò lọ béèrè ààbò ojú ọ̀nà lọ́wọ́ àwọn aláṣẹ ọgbà kí ó tó gbéra. Mi ò ní fi ẹ̀mí àlejò polówó ìlú mi. Ní ti oúnjẹ, mi ò mọ ìdí tí wọ́n fi fẹ́ gbé alásè wá láti Èkó sí ilẹ̀ iṣu. Àmàlà gbígbóná, ọbẹ̀ ẹ̀gúsí tuntun, wàrà tí àwọn Fúlàní gbé wá ní òwúrọ̀, ọtí ọkà bàbà nírọ̀lẹ́: ẹni tí kò bá rí ìgbádùn nínú ìyẹn, kí ó máa mu ṣaǹpéènì rẹ̀ lọ.

A kọ gbogbo èyí sínú lẹ́tà, a fi ránṣẹ́ sí ọ̀gbẹ́ni náà. A ní kí wọ́n wá sí ọdún ní ọjọ́ rẹ̀, kí wọ́n jó, kí wọ́n jẹun, kí wọ́n sì dúró sí ibi tí àwọn ọmọ ìdílé tí kò tíì ṣe awo ń dúró sí. Bí ó bá jẹ́ oṣù Bélú ni wọ́n fẹ́, a ó mú wọn dé gbogbo ibi tí mo dárúkọ yìí, ṣùgbọ́n kò ní sí ọdún. Kò fèsì. Ní òpin oṣù náà, ẹnì kan fi fídíò ránṣẹ́ sí mi: àwọn oníjó kan da màrìwò bora, wọ́n ń ju àdá sókè níwájú àgọ́ funfun, àwọn àlejò ń pàtẹ́wọ́. Wọ́n pe ìyẹn ní ọdún Ògún. Mi ò mọ ẹnikẹ́ni nínú àwọn oníjó náà, mi ò sì bá wọn bínú. Iṣẹ́ òòjọ́ wọn ni.

Àbúrò mi wo fídíò náà lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní àwọn yẹn ti gba owó páànù wa.

Òjò tún ti rọ̀ wọ ojúbọ lọ́dún yìí. A ń dá owó jọ, páànù mẹ́sàn-án la ti rí rà nínú ogún. Ṣùgbọ́n ní oṣù méjì sẹ́yìn, obìnrin kan láti Houston kọ̀wé sí wa. Ó wà nínú àwọn àlejò tí ó pàtẹ́wọ́ níjọ́ náà. Ó ní nígbà tí òun padà délé ni òun ń bi ara òun pé ta ni àwọn ènìyàn yẹn ń bọ. Ó béèrè ọjọ́ tí ọdún wa yóò bọ́ sí kí òun lè tètè wá àyè nínú ọkọ̀ òfuurufú, nítorí pé owó rẹ̀ máa ń gun òkè bí ọjọ́ bá ṣe ń sún mọ́lé.

Mo dá a lóhùn pé a kò tíì dá Ifá ọdún. Kí ó má tíì ra nǹkan kan.