Ta Ni Yóò Ka Ọ̀rọ̀ Náà Wò Kí A Tó Tẹ̀ Ẹ́?

Ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ tí a kò lè dákẹ́ lé lórí. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2025, ìjọba àpapọ̀ kéde pé òun ti fagi lé ìlànà èdè abínibí tí ìjọba kan náà fi ọwọ́ sí ní ọdún 2022, àti pé èdè Gẹ̀ẹ́sì ni a ó máa fi kọ́ àwọn ọmọ láti jẹ́léósinmi títí dé yunifásítì. A kò fẹ́ tún àríyànjiyàn náà dá sílẹ̀ lónìí. Ohun tí a ń béèrè ni pé, bí Yorùbá bá ń dínkù nínú kíláàsì, níbo ni ọmọ wa yóò ti máa rí i kà lójoojúmọ́? Ìta gbangba ni: ara pátákó, ara pósítà, ara ọkọ̀, àti ojú fóònù. Nítorí náà, àwọn ọ̀dọ́ tí ń ṣe iṣẹ́ ìpolówó àti ìwé títẹ̀ ní àwọn ilé iṣẹ́ kéékèèké ní Adó-Èkìtì ti di olùkọ́ èdè, yálà wọ́n mọ̀ tàbí wọn kò mọ̀.

Ẹni tí ó bá rìn láti Ọjà Ọba títí dé Fájuyì yóò rí Yorùbá lójú ọ̀nà, ṣùgbọ́n díẹ̀ ni yóò rí tí a fi àmì sí bí ó ti yẹ. Bí a bá kọ “ILE EKO” sí ara pátákó, ṣé ilé ẹ̀kọ́ ni, tàbí ilé ẹ̀kọ, tàbí ilé Èkó? Bí olùdíje kan bá kọ ọ́ sí ara pósítà rẹ̀ pé “A o fi ogun sile fun awon omo yin”, ṣé ogún ni ó fẹ́ fi sílẹ̀, tàbí ogun? Àgbàlagbà yóò rẹ́rìn-ín, yóò sì mọ ohun tí ó ń wí. Ọmọ ọdún méje tí a ń fi Gẹ̀ẹ́sì tọ́ kò ní mọ̀. Bí ó bá ti rí i ni yóò gbà á.

Kì í ṣe báyìí ni àwọn tí ó ṣáájú wa ṣe é. Ní ọdún 1859 ni Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ sí tẹ Ìwé Ìròyìn ní Abẹ́òkúta ní èdè Yorùbá. Ní ọdún 1875, àwọn àgbà ìjọ jókòó lórí bí a ó ti máa kọ èdè náà. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé kọ ìwé lórí àkọtọ́ Yorùbá ní ọdún 1965, àkọtọ́ òde òní sì fi ẹsẹ̀ múlẹ̀ ní ọdún 1974, èyí tí ó sọ “aiye” di “ayé”, tí ó sì sọ “enia” di “ènìyàn”. Iṣẹ́ nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún ni èyí. Kò yẹ kí a tú u ká ní alẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo ní ìdí kọ̀ǹpútà.

Síbẹ̀, a kò ní di gbogbo ẹ̀bi náà ru àwọn ọ̀dọ́ wọ̀nyí. Ní ilé iṣẹ́ kékeré, ẹnìkan náà ni ó ń gba iṣẹ́, tí ó ń to ọ̀rọ̀, tí ó ń ṣètò àwòrán, tí ó sì ń gbé e lọ sí ilé ìtẹ̀wé. Oníbàárà yóò fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ lórí WhatsApp ní alẹ́ láìsí àmì kankan, yóò sì fẹ́ kí iṣẹ́ ti jáde ní òwúrọ̀. Owó àwòrán àti owó bébà ni wọ́n jọ ń ná. Owó ẹni tí yóò ka ọ̀rọ̀ náà wò kí a tó tẹ̀ ẹ́ kò sí nínú rẹ̀. Ní àkókò ìbò gómìnà, irú èyí tí a dì ní Èkìtì ní ọdún 2014, 2018 àti 2022, iṣẹ́ a máa pọ̀, àkókò a sì máa kéré. Bí a bá dìbò tán, àwọn kan tí ó wọlé a gbàgbé gbèsè, àwọn kan tí kò wọlé a sì sá fún un. Ẹni tí a jẹ ní gbèsè kò ní rí owó san fún ẹlòmíràn láti bá a yẹ iṣẹ́ wò.

Àwọn kan ń wí pé kọ̀ǹpútà kò gba àmì Yorùbá. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Lẹ́tà bíi “ẹ́” àti “ọ̀” kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo tí ó jẹ́ tirẹ̀ nínú Unicode, ètò tí àwọn kọ̀ǹpútà ayé fi ń mọ lẹ́tà. Ńṣe ni ẹ̀rọ ń so lẹ́tà àti àmì pọ̀. Bí fọ́ǹtì kò bá dára, àmì a yẹ̀ kúrò ní àyè rẹ̀, tàbí kí ó di àpótí òfìfo. Ṣùgbọ́n àtúnṣe ti wà. Àwọn fọ́ǹtì Noto ti Google gbà á, ọ̀fẹ́ sì ni wọ́n. Gboard lórí fóònù ní Yorùbá. Àwọn tí ó dá àkójọ orúkọ YorubaName sílẹ̀ ní ọdún 2015, tí Kọ́lá Túbọ̀sún ṣe olórí wọn, fi ẹ̀rọ ìtẹ àmì sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ fún ẹni tí ó bá fẹ́.

Ẹ wo agolo Milo ní ọjà. Àmì wà lórí lẹ́tà ìkẹyìn orúkọ Nestlé, ilé iṣẹ́ àwọn ará Switzerland, kò sì sọnù títí ó fi dé Adó. Kí ló dé tí tiwa fi ń sọnù ní ilé wa? Láti ọjọ́ kìíní oṣù Kẹwàá ọdún 2022 ni ìgbìmọ̀ ARCON, tí ń ṣe àkóso iṣẹ́ ìpolówó ní Nàìjíríà, ti fi òfin de lílo ojú àti ohùn àjèjì nínú ìpolówó. A gbóríyìn fún un. Ṣùgbọ́n bí a bá dáàbò bo ojú àti ohùn, tí a fi èdè sílẹ̀ láìní alábòójútó, ààbọ̀ iṣẹ́ ni a ṣe.

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú, nígbà tí ẹ bá ń gbé iṣẹ́ pósítà fún àwọn ọ̀dọ́ Adó, ẹ fi owó ẹni tí yóò ka ọ̀rọ̀ wò kún un, kí ẹ sì san gbogbo owó náà kí ọjọ́ ìbò tó pé. Ẹgbẹ́ tí ó bá fẹ́ kí a gba ọ̀rọ̀ òun gbọ́, ó yẹ kí ó kọ́kọ́ kọ ọ̀rọ̀ náà kí ó yé ni.

Ẹ̀yin olùkọ́, ọwọ́ yín ni ìmọ̀ yìí wà. Ẹ lọ bá àwọn ilé iṣẹ́ tí ó wà ní àdúgbò yín, kí ẹ bá wọn máa ka iṣẹ́ wọn wò fún owó díẹ̀. Ẹ tún lè sọ pátákó di ẹ̀kọ́: kí ọmọ kọ ọ̀rọ̀ tí ó rí lójú ọ̀nà wá sí kíláàsì, kí ó sì fi àmì sí i. Yunifásítì ẹ̀kọ́ tí ó wà ní Ìkẹ́rẹ́, tí í ṣe kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ títí di ọdún 2020, kò jìnnà sí wa. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá ibẹ̀ lè rí iṣẹ́ òòjọ́ nínú èyí.

Ìjọba ìpínlẹ̀ náà ní ipa tirẹ̀. Kí a má ṣe san owó pátákó kankan tí a fi owó ìlú ṣe, bí Yorùbá ara rẹ̀ kò bá pé.

Ní ọjọ́ 17 oṣù Kìíní ọdún 1955, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọ̀fẹ́, kí ọmọ tálákà lè mọ̀wé kà. Ìran tí ó jàǹfààní rẹ̀ ni ó ń gbé iṣẹ́ pátákó fún àwọn ọ̀dọ́ lónìí. Ẹ jẹ́ kí a rí i pé ohun tí àwọn ọmọ-ọmọ wa yóò rí kà lójú ọ̀nà jẹ́ Yorùbá tí ó pé. Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.