Ilé La Ti Ń Kó Ẹ̀ṣọ́ Ròde: Ẹ Gbin Akòko sí Ojúde Yín

Ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ tí mo fẹ́ sọ lónìí láìfi epo bọ iyọ̀. A máa ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ènìyàn, pàápàá lẹ́nu àwọn tí ó kàwé, pé Yorùbá kò mọ òdòdó gbìn. Wọ́n ní ohun tí ó ṣeé jẹ, tàbí ohun tí ó ṣeé fi wo àrùn, nìkan ni àwọn baba wa ń gbìn. Wọ́n ní òyìnbó ni ó kọ́ wa láti máa gbin igi sí ojúde nítorí ẹwà. Àwọn tí ó ń sọ bẹ́ẹ̀ a wá gba ẹ̀bá títì lọ, wọn a ra fúláwà inú ọ̀rá, wọn a gbìn ín sí ẹnu ọ̀nà ilé wọn, wọn a sì gé akòko tí wọ́n bá lórí ilẹ̀ náà dànù. Mo ní irọ́ ni wọ́n ń pa mọ́ àwọn baba wa, àdánù ni wọ́n sì ń fà fún àwọn ọmọ wa.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ bi èdè wa léèrè. Igi a máa rúwé. A máa rudi. A máa tanná kí ó tó so, kí èso rẹ̀ tó gbó, kí ó tó pọ́n. Ìgbà kọ̀ọ̀kan ni ó ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Àwọn tí kì í wo òdòdó kò ní ya rírudi sọ́tọ̀ kúrò lára títanná. Ẹ sì tún wo ọ̀rọ̀ náà, ìtànná, dáadáa: iná ni ó wà nínú rẹ̀. Ẹni tí ó kọ́kọ́ wo igi tí ó sọ pé ó tan iná, ojú ẹwà ni ó fi wò ó, kì í ṣe ojú ọbẹ̀.

Akòko ni mo mú ṣe àpẹẹrẹ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ṣọ́ àmì ohùn o: kì í ṣe àkókò tí aago ń kà, kì í sì í ṣe àkókó, ẹyẹ tí ń fi ẹnu gbẹ́ igi. Igi ilẹ̀ Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ni akòko. Àwọn Ìgbò ń pè é ní ogirisi, àwọn Ẹ̀dó ń pè é ní ikhinmwin. Àwọn onímọ̀ ewéko kọ ọ́ sílẹ̀ ní Newbouldia laevis: orúkọ William Newbould, àlùfáà ará Gẹ̀ẹ́sì kan tí ó mọ̀ nípa ewéko, ni wọ́n fi sọ ọ́; laevis sì ni ọ̀rọ̀ Látìnì fún ohun tí ó jọ̀lọ̀. Ewé rẹ̀ dúdú, ó ń dán, ó sì tò ní méjì méjì sára igi ewé. Ẹ̀ka rẹ̀ kì í fẹ̀ kiri. Òkè ni ó ń nà sí. Òdòdó rẹ̀ a máa yọ ní ṣíṣù ní ṣóńṣó ẹ̀ka, ó rí bí ẹnu fèrè, àwọ̀ rẹ̀ sì wà láàárín funfun àti elésè àlùkò. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni ó máa ń tanná jù, nígbà tí koríko ti gbẹ tí ojú ń wá ohun tí yóò wò.

Ta ni kò mọ iṣẹ́ akòko? Bí a bá fẹ́ fi ènìyàn joyè, ewé akòko ni a ń já lé e lórí. Kò sí owó tí ó lè rọ́pò rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n orí oyè nìkan kọ́ ni iṣẹ́ rẹ̀ mọ. Àwọn baba wa ń fi í pa ààlà ilẹ̀, wọ́n ń fi í sọ ọgbà yí ilé ká, wọ́n sì ń gbìn ín sí ojúbọ Ògún. Ọgbà kẹ̀! Ọ̀rọ̀ kan náà ni Yorùbá ń lò fún ohun tí ó yí ilé ká àti fún ibi tí a ń gbin òdòdó sí. Nígbà tí ọgbà ilé bá jẹ́ igi tútù tí ń tanná, kí ni a tún fẹ́ fi ọ̀rọ̀ méjì ṣe? Ìgbà tí a bẹ̀rẹ̀ sí í fi bíríkì mọ odi tí a sì fi àfọ́kù ìgò sí orí rẹ̀ ni ọgbà méjèèjì pínyà.

N kò bá òdòdó àlejò jà. Ẹ̀yà iksora tí a ń gbìn jù, láti ìhà Ìńdíà ni ó ti wá, bougainvillea sì ti Gúúsù Amẹ́ríkà wá. Wọ́n lẹ́wà, wọ́n sì ń tanná fún ìgbà pípẹ́ lọ́dún. Àgbàdo àti gbágùúdá pàápàá, àlejò láti ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni wọ́n. Bí ewé bá sì pẹ́ lára ọṣẹ, a di ọṣẹ. Ṣùgbọ́n gbígba àlejò kò ní kí a lé onílé síta. Àwọn àlejò mìíràn tilẹ̀ wà tí ó yẹ kí a bẹ̀rù. Olómi òjò, igi olódòdó aláwọ̀ ìyeyè tí ó kún ojúde wa, ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni òun náà ti wá. Gbogbo ara rẹ̀ ni májèlé, kóró èso rẹ̀ ni ó burú jù, ọkàn ni ó sì ń dá dúró. Èyí ni àwọn kan gbìn sí ibi tí ọmọdé ń ṣeré, tí wọ́n ní akòko ni ó ń ba àwọn lẹ́rù.

Kí ló dé tí ó fi ń bà wọ́n lẹ́rù? Wọ́n ní igi òrìṣà ni, pé onígbàgbọ́ kò gbọdọ̀ gbìn ín. Ẹ jẹ́ kí n bi wọ́n ní ìbéèrè kan. Ara igi wo ni màrìwò tí a fi ń ṣe aṣọ Ògún ti wá? Ara ọ̀pẹ ni. Ara igi wo ni imọ̀ tí àwọn ìjọ ń gbé káàkiri ìgboro ní Ọjọ́ Ìsinmi Ọ̀pẹ ti wá? Ara ọ̀pẹ kan náà ni. Ọ̀pẹ kò yan ẹ̀sìn, ẹnikẹ́ni kò sì sọ pé kí a gé gbogbo ọ̀pẹ. Mùsùlùmí ń joyè, Kìrìsìtẹ́nì ń joyè, wọ́n sì ń tẹ orí ba kí a já ewé akòko lé e. Ewé tí ó tọ́ sí orí yín, báwo ni kò ṣe tọ́ sí ojúde yín?

Àwọn mìíràn ní igi ńlá ni, yóò wó ilé. Lóòótọ́, bí a bá fi í sílẹ̀ nínú igbó, ó lè ga ju mítà 10 lọ. Ṣùgbọ́n igi tí ó gbọ́ ọ̀rọ̀ àdá ni. Ẹni tí ó bá ń gé e kò ní jẹ́ kí ó ju ènìyàn lọ. Ó sì rọrùn láti gbìn, kò sí ìdí láti ra á lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò, ẹ tọrọ ẹ̀ka tí ó ti gbó, tí ó nípọn tó àtàǹpàkò tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀. Ẹ gé e ní ìwọ̀n ìgbọ̀nwọ́ kan, bíi sẹ̀ǹtímítà 45. Ẹ fi ọ̀bẹ mú gé ìsàlẹ̀ rẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ẹ̀gbẹ́ kí ẹ má baà ṣì í dorí kodò, ẹ já ewé rẹ̀ kúrò, ẹ sì ri ìdá mẹ́ta rẹ̀ kan mọ́lẹ̀. Ilẹ̀ tí omi kì í dúró sí ni kí ẹ wá fún un, níbi tí oòrùn ti ń dé, nítorí pé abẹ́ ìbòòji kò ní jẹ́ kí ó tanná dáadáa. Bí ó bá jẹ́ ọgbà ni ẹ fẹ́ fi ṣe, ẹ fi bíi sẹ̀ǹtímítà 60 sáàárín ọ̀kan àti èkejì; bí ó bá sì jẹ́ pé ẹ fẹ́ kí ó dá dúró, ẹ jẹ́ kí ó jìnnà sí ògiri tó mítà 3.

Ẹ má ṣe máa fà á tu láti wò ó bóyá ó ti ta gbòǹgbò. Ẹ máa bomi rin ín bí òjò bá dá, àti ní ẹ̀ẹ̀rùn àkọ́kọ́ rẹ̀, nǹkan bí ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Ẹ kó ilẹ̀ ààtàn tàbí ìgbẹ́ adìyẹ tí ó ti jẹrà dáadáa sí ìdí rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò ọdọọdún, ṣùgbọ́n kí ó má kan ara igi. Ìtọ́jú tí ó ń fẹ́ kò ju èyí lọ.

Ẹ̀sùn ìkẹyìn ni pé akòko kì í tanná. Àdá yín ni kí ẹ fẹ̀sùn kàn! Ṣebí mo ti sọ pé ṣóńṣó ẹ̀ka ni òdòdó rẹ̀ ń yọ sí. Ẹni tí ó bá ń rẹ́ orí igi ní gbogbo oṣù, òdòdó ni ó ń rẹ́ dànù kí ó tó rudi. Ìgbà tí òdòdó bá ti rẹ̀ tán, tí òjò àkọ́rọ̀ bẹ̀rẹ̀, ni kí ẹ gé e kí ó rí bí ẹ ṣe fẹ́. Láti oṣù kẹsàn-án lọ, ẹ má ṣe fọwọ́ kan ṣóńṣó rẹ̀ mọ́. Ẹ ní sùúrù fún un pẹ̀lú, nítorí pé kì í ṣe ọdún àkọ́kọ́ ni ẹ óò rí òdòdó.

Ẹ wo ohun tí ó wà nínú ewu. Oníṣègùn ń wá èèpo akòko, ó ń wá ewé rẹ̀, ó ń wá gbòǹgbò rẹ̀. Nígbà tí igi bá ku ẹyọ kan ṣoṣo ládùúgbò, gbogbo ọ̀bẹ ni yóò dé ara rẹ̀. Igi tí a bá sì bó èèpo rẹ̀ yípo, kíkú ni yóò kú. Lọ́jọ́ oyè, a ó wá máa ránṣẹ́ sí ọ̀dọ̀ ìyá eléwé ọmọ lọ́jà láti ra ewé tí ó yẹ kí a já lẹ́yìn ilé. Ọmọ tí kò rí igi náà rí, orúkọ lásán ni yóò máa pè. Láìpẹ́, orúkọ náà yóò dàrú mọ́ ti aago àti ti ẹyẹ.

Ní Bahia, ní ilẹ̀ Brasil, akòko ń bẹ nínú àgbàlá àwọn ilé Candomblé títí di òní. Acocô ni wọ́n ń kọ orúkọ rẹ̀. Àwọn ọmọ tí a kó lẹ́rú kọjá òkun, tí a gba orúkọ àti òmìnira lọ́wọ́ wọn, kò gbàgbé igi yìí, wọn kò sì gbàgbé orúkọ rẹ̀. Àwa tí a kò kó lọ síbì kankan ni a ń gé e láti fi àyè sílẹ̀ fún ohun tí a ra nínú ọ̀rá. Ṣé ó yẹ bẹ́ẹ̀?

Nítorí náà, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, iṣẹ́ kan ni mo ń bẹ̀ yín: òjò tí ń bọ̀, kí olúkúlùkù tí ó bá ní ẹsẹ̀ ilẹ̀ kan ri ẹ̀ka akòko kan mọ́lẹ̀. Bí ọmọdé bá bi yín pé kí ni èyí, ẹ má ṣe dáhùn pé fúláwà ni. Ẹ pe orúkọ rẹ̀ fún un, pẹ̀lú ohùn rẹ̀ tí ó pé. Àwọn baba wa ti wí i pé ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ẹ̀ṣọ́ náà nìyí, ó ń tanná. Ire o!