Ibi tí Igi ti Rọ̀ ni Ó ti Ń Dàgbà

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun Ọba, Ẹni tí ó dá ènìyàn, ẹranko àti igi, tí ó sì fún ẹ̀dá kọ̀ọ̀kan ní òdiwọ̀n tirẹ̀. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì wa Muhammad.

Ní òpin ọ̀sẹ̀, bí àwọn ọmọ wa bá ti wọ ilé-kéú níhìn-ín ní Upper Marlboro, púpọ̀ nínú àwa òbí a jókòó sínú ọkọ̀ títí wọn yóò fi jáde. Bí a bá pè wá sí ìjókòó ẹ̀kọ́ àwọn àgbà, èsì wa ni pé: “Àáfà, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ kọ́ ọ, tiwa ti kọjá.” Èsì yìí ni a fẹ́ yẹ̀ wò.

Òótọ́ ni pé ara ènìyàn ní òpin ìdàgbà. Ní ìpẹ̀kun egungun gígùn ọmọdé, ibì kan wà tí kò tíì le, níbẹ̀ ni egungun ti ń gùn sí i. Bí ìgbà ìbàlágà bá ń parí lọ, ibẹ̀ a le, gíga wa a sì dúró. Bẹ́ẹ̀ ni ti màlúù àti àgùntàn. Lóòótọ́, ọ̀pọ̀ ẹja ń tóbi díẹ̀díẹ̀ títí ọjọ́ ikú wọn, àgbàdo sì ń so tán kí ó tó kú láàárín oṣù mélòó kan. Ṣùgbọ́n igi ńlá kì í ṣíwọ́ ìdàgbà níwọ̀n ìgbà tí ó bá wà láàyè.

Ẹ rántí igi tí a ń pè ní Wye Oak, ní Wye Mills, nínú ìpínlẹ̀ Maryland wa yìí. Ìjì wó o ní ọjọ́ 6 oṣù kẹfà ọdún 2002. Wọ́n gbà pé ó ti lo ọdún tí ó lé ní 450, àyíká ìdí rẹ̀ sì ju ẹsẹ̀ bàtà 31 lọ. Báwo ni ó ti tóbi tó bẹ́ẹ̀? Kì í ṣe gbogbo ara igi ni ó ń dàgbà. Bí a bá kan ìṣó mọ́ igi lónìí, tí a padà dé lẹ́yìn ogún ọdún, ibi gíga kan náà ni a óò ti bá a. Ṣóńṣó ẹ̀ka, ṣóńṣó gbòǹgbò àti ìpele tẹ́ẹ́rẹ́ kan lábẹ́ èèpo ni ìdàgbà ti ń wá. Ibẹ̀ rọ̀ nígbà gbogbo. Èyí tí ó ti le láàárín igi, ẹrù ni ó ń gbé. Kì í dàgbà mọ́.

Nínú Súrátù Rúúmù, àáyà 54, Ọlọ́hun sọ fún wa pé láti inú àìlera ni ara wa ti bọ́ sínú agbára, tí yóò sì tún padà sí àìlera àti ewú. Ṣùgbọ́n nínú Súrátù Ibrahim, àáyà 24 àti 25, igi rere ni Ó fi ọ̀rọ̀ rere wé, igi tí ń so ní gbogbo ìgbà. Ànábì wa pẹ̀lú fi Mùsùlùmí wé igi dàbínù. Ara ní òpin ìdàgbà. Ìgbàgbọ́ kò gbọdọ̀ ní in.

Àwọn ọmọ wa ń bi wá ní ìbéèrè tí a kò gbọ́ rí ní Ìlọrin tàbí Ìbàdàn, ohun tí a kọ́ ní ọmọ ọdún mẹ́wàá sì ni a fi ń dá wọn lóhùn. Ẹ̀kọ́ náà kò burú. Òun ni ó gbé wa ró. Ṣùgbọ́n òun nìkan kò tó. Bí ọmọ bá rí i pé bàbá òun ti parí ẹ̀kọ́, yóò gbà pé ẹ̀sìn jẹ́ ohun tí à ń parí.

Nítorí náà, ẹ̀yin ará wa, ẹ sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀. Kì í ṣe àbùkù fún àgbà láti jókòó níwájú ẹni tí ó kéré sí i láti kọ́ àáyà kan. Kí Ọlọ́hun má ṣe jẹ́ kí ọkàn wa le. Àmín.