Awọnlẹ̀ ni Macaulay kó tó di olóṣèlú: ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ṣọ́ọ̀bù l'Ókèhò, ọ̀rọ̀ ẹ̀ kàn yín

Òṣèlú ni ọ̀pọ̀ èèyàn fi mọ Herbert Macaulay, àwọn mí-ìn sì mọ ojú ẹ̀ lára náírà kan tí ọlọ́jà kì í gbà mọ́. Ṣùgbọ́n kó tó dá ẹgbẹ́ òṣèlú NNDP sílẹ̀ lọ́dún 1923, iṣẹ́ ẹnjinníà àti ìwọnlẹ̀ ló ń ṣe jẹun. Lójú tèmi, ibẹ̀ gan-an ló ti kan ẹ̀yin oníṣòwò.

Kì í ṣe àjèjì sí wa. Òṣoògùn, nítòsí Ìsẹ́yìn, ni wọ́n ti bí bàbá ìyá ẹ̀, Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther. Èkó ni wọ́n bí òun sí lọ́dún 1864. Lọ́dún 1881, ó di akọ̀wé ní PWD, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń ṣe títì, tó sì ń kọ́lé. Ìjọba rán an lọ sí Plymouth, ní England, lọ́dún 1890, ó sì kọ́ṣẹ́ ẹnjinníà níbẹ̀ fọ́dún mẹ́ta. Nígbà tó dé, wọ́n fi í ṣe awọnlẹ̀ tó ń bójú tó ilẹ̀ ìjọba l'Ékòó. Lọ́dún 1898, ó kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀, ó dá tiẹ̀ sílẹ̀, ó ń wọnlẹ̀, ó sì ń yàwòrán ilé fáráàlú. Ta ni yóò fiṣẹ́ ìjọba sílẹ̀ báyẹn lónìí tí ẹbí ò ní sọ pé wọ́n ń ṣe é ni?

Mi ò sọ pé áńgẹ́lì ni o. Lọ́dún 1913, ilé ẹjọ́ rán an lẹ́wọ̀n lórí owó ogún tí wọ́n fi sí ìkáwọ́ ẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kó owó oníbàárà mọ́ owó ọjà, ẹ gbọ́ ìyẹn náà.

Àmọ́ ẹni tó ti ṣe awọnlẹ̀ ìjọba mọ bí wọ́n ṣe ń fìwé gba ilẹ̀ lọ́wọ́ èèyàn. Nígbà tí ìjọba gba ilẹ̀ ìdílé Olúwa l'Ápápá, wọ́n ní Olóyè Àmọ́dù Tìjání kọ́ ló nilẹ̀, wọn ò fẹ́ sanwó gidi. Olóyè náà lọ sí London lọ́dún 1920, Macaulay sì ni akọ̀wé àti ògbufọ̀ tó tẹ̀ lé e. Lọ́dún 1921, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ níbẹ̀ ní kí ìjọba san owó gbà-máà-bínú tó péye. £22,500 ni wọ́n san.

Òfin Lílo Ilẹ̀ ti 1978 ti yí ìyẹn padà. Bí ìjọba bá fẹ́ gba ilẹ̀ fún títì, ilé àti irè oko tó wà lórí ẹ̀ ni wọ́n máa ń sanwó lé lórí, kì í ṣe erùpẹ̀. Ẹni tí kò níwèé, kí ló fẹ́ fi hàn? L'Ókèhò, láti ìgbà tí wọ́n ti kó ìlú sọ̀kalẹ̀ látorí òkè lọ́dún 1917, lẹ́yìn rògbòdìyàn 1916, pèrègún àti ẹnu àgbà ni ọ̀pọ̀ ìdílé fi ń mọ ààlà. Pèrègún dáa, ṣùgbọ́n òru ọjọ́ kan tó láti fà á tu. Àgbà náà ń kú.

Mo mọ̀ pé ẹ máa ní owó awọnlẹ̀ pọ̀, pé ilẹ̀ bàbá yín sì ni. Òótọ́ ni. Kí ló dé tí àwọn tí ṣọ́ọ̀bù wọn tò síra ò da owó pọ̀, kí wọ́n pe awọnlẹ̀ kan tó níwèé àṣẹ, kó wọn gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kí katapílà tó dé? Lẹ́yìn ìyẹn, kí wọ́n gba ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ Kájọlà lọ. Òfin 1978 yẹn fún ìjọba ìbílẹ̀ lágbára láti fún èèyàn níwèé àṣẹ lórí ilẹ̀ tí wọn ò kà mọ́ ti ìlú ńlá.