Òmìrán Nọ́ńbà Kì í Ṣọ́ Báǹkì

Ní oṣù kẹwàá ọdún 2024, Luke Durant, ará Amẹ́ríkà, rí nọ́ńbà práìmù tó tóbi jùlọ tí aráyé tíì mọ̀. Práìmù ni nọ́ńbà tó ju 1 lọ, tí kò sí ohun tó lè pín in dọ́gba àfi 1 àti òun fúnra rẹ̀. Kí èèyàn kọ 2 sílẹ̀ nígbà 136,279,841, kí ó sọ gbogbo wọn di púpọ̀ pọ̀, kí ó yọ 1 kúrò: òmìrán náà nìyẹn. Díjíìtì 41,024,320 ló wà nínú rẹ̀.

Bí irú ìròyìn báyìí bá ti jáde, àwọn kan a sáré sọ pé òun ló ń ṣọ́ owó ní báǹkì. Irọ́ tó dùn létí ni. Lóòótọ́, ìlànà RSA tó ń fi ọ̀rọ̀ pamọ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì dúró lórí práìmù méjì, ṣùgbọ́n ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sábà máa ń ní nǹkan bíi díjíìtì 300, wọn ò sì gbọdọ̀ hàn sí ẹnikẹ́ni. Ta ni yóò fi kọ́kọ́rọ́ tí gbogbo àdúgbò ní ẹ̀dà rẹ̀ ti ilẹ̀kùn?

Ẹ̀rí tó fi hàn pé práìmù ni òmìrán náà ló yẹ kí wọ́n fi máa gbèjà rẹ̀. Ọgbọ́n tí Édouard Lucas, ọmọ ilẹ̀ Faransé, dá, tí D. H. Lehmer sì tún ṣe, ni wọ́n ń lò. Ẹ fi 31 dán an wò, tí í ṣe 2 márùn-ún tí a sọ di púpọ̀ pọ̀, tí a yọ 1 kúrò. Ẹ mú 4, ẹ sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú ara rẹ̀, ẹ yọ 2: ó di 14. Ẹ tún un ṣe, ó di 194; ẹ kó gbogbo 31 inú rẹ̀ kúrò, ó ku 8. Ẹ tún un ṣe, ó di 62, 31 méjì géérégé, kò ku nǹkan kan. Práìmù ni. Ìgbésẹ̀ mẹ́ta péré. Ti Durant gba 136,279,839.

Ibi tí ọgbọ́n yìí ti wí pé rárá ló tilẹ̀ yani lẹ́nu jù. Ní 1644, àlùfáà Marin Mersenne ka 147,573,952,589,676,412,927 mọ́ práìmù. Ní 1876, Lucas fi hàn pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀, síbẹ̀ òun náà kò mọ ohun tó pín in. Ó di 1903 kí Frank Nelson Cole tó gbé méjèèjì jáde: 193,707,721 àti 761,838,257,287. Fún ọdún 27, wọ́n mọ̀ dájú pé ó ṣe é pín láìmọ ohun tó ń pín in.

Àwọn tó ń kọminú sí iná mànàmáná tí kọ̀ǹpútà Durant jẹ ní orílẹ̀-èdè 17 kò ṣàìní ọ̀rọ̀ lẹ́nu. Ṣùgbọ́n ìṣirò tí àṣìṣe bíńtín lè bà jẹ́ ń dán kọ̀ǹpútà pàápàá wò. Ètò Prime95, tí àwọn olùwá práìmù ń lò, ló mú kí àwọn kọ̀ǹpútà tó ní Skylake, ọpọlọ kọ̀ǹpútà tí ilé-iṣẹ́ Intel ṣe, dá dúró lójijì lẹ́nu iṣẹ́. Ní oṣù kìíní ọdún 2016, Intel gbà pé àléébù wà lára Skylake, wọ́n sì wá àtúnṣe fún un.